Koríko Tí Mo Gbìn Ni Mo Fi Oògùn Pa

Admin, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi orúkọ mi pamọ́. Èmi ni mo fín oògùn sí koríko iwájú ilé tí a rẹ́ǹtì ní Àgùdà, koríko tí mo fi ọwọ́ ara mi gbìn... inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Nígbà tí a kó débẹ̀, àfọ́kù búlọ́ọ̀kù àti ẹ̀fọn ló wà níwájú ilé. Èmi ni mo kó àfọ́kù náà dànù, tí mo ra carpet grass lọ́wọ́ àwọn tó ń ta òdòdó létí títì, mo gbìn ín nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kó lè mú ilẹ̀ dáadáa. Tí òjò bá pọ̀, màá máa gé e, màá máa tu èpò lórí ìkúnlẹ̀. Tí ọyẹ́ bá dé, mi ò ní gé e mọ́lẹ̀ rárá, màá bomi rin ín kí oòrùn tó yọ, omi kànga tí mo fà fúnra mi o! Àwọn aládùúgbò ń bi mí pé ṣé mo fẹ́ fi bọ́ màlúù ni. Nígbà tí mo bímọ, ẹ̀gbẹ́ ògiri níbẹ̀ la ri olóbi ọmọ mi mọ́, mo gbin òdòdó lé e lórí. Ìyá mi kìlọ̀ fún mi, wọ́n ní a kì í ri olóbi ọmọ sí ilé onílé. Mi ò gbọ́.

Ṣé ẹ mọ ohun tí landlady ṣe? Wọ́n ya fọ́tò koríko yẹn fún agent, wọ́n ní ilé tó ní gáádìn ni. Ẹnì kan rí i, ó ní òun á san ju tiwa lọ, ni wọ́n bá fún wa ní quit notice! Nítorí koríko mi! Àṣé ìwọ̀fà ni mò ń ṣe láti ọjọ́ yìí... èmi tí mò ń kúnlẹ̀ kí wọn láràárọ̀.

Ọjọ́ tí landlady lọ sí ọjà Tejúoṣó ni mo fín in. Ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn nìkan ni mo yọ sílẹ̀. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Ẹ wá wò ó o, landlady tún pè mí, wọ́n ní kí n jọ̀ọ́ bá àwọn wo ohun tó ń ṣe é kí n tó kó jáde, pé èmi ni mo mọ̀ ọ́n tọ́jú. Ojú ò tiẹ̀ tì wọ́n!

Ṣùgbọ́n ọmọ mi... ó mọ ibi tí olóbi òun wà, gbogbo gáádìn yẹn ló ń pè ní tòun. Bó bá ti dé láti iléèwé, á bọ́ bàtà, á máa fi ife bu omi sí koríko yẹn, torí èmi ni mo kọ́ ọ pé òùngbẹ ló ń gbẹ koríko tó bá pọ́n. Oògùn ló ń fẹsẹ̀ tẹ̀ yẹn! Mo lé e títí, mo gbá a létí lánàá, ó ń sunkún, ó ní kí n jẹ́ kí òun fún un lómi díẹ̀ sí i, pé kò tíì kú. Ẹ̀yin òbí inú page yìí, kí ni kí n sọ fún un? Ṣé kí n sọ pé èmi ni? Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́?