Mo Yọ Iná, Orúkọ Àwọn Ẹlẹ́rìí Sì Lọ

Ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Ṣàgámù, ẹ kú ilé o. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Openshaw, ní Manchester níbí, bí orúnkún tilẹ̀ ń ké. Ẹ bá mi kí àwọn ìyàwó ilé àti àwọn ọmọ, pẹ̀lú aládùúgbò tó bá ṣì ń bèèrè mi.

Òjò ò dá níbí. Ìbọ̀sẹ̀ méjì ni mò ń wọ̀ léra. Bọ́lá ọmọ mi ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ńláńlá ilé iṣẹ́ kan ní Salford Quays. Tó bá ti jáde láàárọ̀, èmi àti ògiri là ń wo ara wa. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi jẹ́ kó sọ kọ̀ǹpútà àgbéká bàbá rẹ̀ nù. Bátìrì rẹ̀ ti kú, àfi ká fi sójú iná, ó sì máa ń dákú tí mo bá ń wo ojú yín lórí rẹ̀. Bọ́lá ní ká ra tuntun. Mo ní ṣé bí èmi náà bá ń dákú, á ra ìyá tuntun ni?

Ló bá fi ètò kan tó ń jẹ́ Linux sínú rẹ̀, ó tún fi nǹkan tí wọ́n ń pè ní zram sí i. Ó ní iyè ẹ̀rọ náà kéré; tó bá ti kún, á máa kó ẹrù lọ sínú díìsìkì, ọ̀nà ibẹ̀ sì jìn, ìyẹn ló ń mú un dákú. Ní báyìí, ohun tí kò bá lò lọ́wọ́, á ká a, á fún un pọ̀ sínú iyè náà fúnra rẹ̀. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe tàwọn kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ òun náà nìyẹn. Mo ní ó yé mi: bí ẹ ṣe kúnlẹ̀ lé àpótí mi lórí lọ́jọ́ tí mò ń bọ̀, tí ẹ̀lùbọ́, aṣọ àti Bíbélì fi wọ ẹyọ kan. Lóòótọ́, kò dákú mọ́.

Ẹ rántí orúkọ àwọn mẹ́fà tó dúró ṣe ẹlẹ́rìí nígbà tí wọ́n wọn ilẹ̀ bàbá wa, tí ẹ kà fún mi lórí fóònù, torí ẹ̀yin nìkan ló kù tó mọ̀ wọ́n, àwọn kan sì ti ń sọ pé ilẹ̀ tiwọn ni. Ìka kan ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà náà, pẹ̀lú ọmọ ẹni tí kálukú wọn jẹ́. Mo dé orí ìkarùn-ún ni àrá sán. Ẹ mọ bí ìyá wa ṣe tọ́ wa: àrá ò gbọdọ̀ bá nǹkan lójú iná. Mo fò dìde, mo fà á yọ.

Ìgbà tí mo tàn án padà, òfìfo.

Bọ́lá ní bó ti wù kí ẹ̀rọ fún ẹrù pọ̀ sínú iyè tó, iná ló gbé e dúró. Ohun tí mo bá save sínú díìsìkì nìkan ló ń kù. Títí di òní, ọ̀rọ̀ yìí ò wọ̀ mí létí. Díìsìkì tó ń fa ìdákú, òun náà ló tún ń tọ́jú nǹkan? Àpótí wo ló ń ṣófo torí pé iná lọ? Ó ní àrá Manchester kì í ṣe irú ti Ṣàgámù. Mo ní ta ló bá a sọ̀rọ̀?

Ẹ bi mí ní Sunday tó kọjá bóyá orúkọ náà wà lọ́wọ́ mi, mo ní ó wà digbí. Irọ́ ni mo pa. Mẹ́ta péré ni mo rántí. Mo gbọ́ bí ohùn yín ṣe rẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà, ojú sì ń tì mí láti ní kí ẹ tún un sọ.

Ó ti tó. Mo ti ra ìwé onílà àti bírò. Ẹ jọ̀ọ́, Sunday tó ń bọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni àkọ́kọ́, ẹ rọra kà á. Tí àrá bá sì sán, màá yọ iná. Bírò ò ní dúró.

Olúwa á fi ẹ̀mí gígùn jíǹkí yín, ohùn yín ò ní wọlẹ̀. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni àbúrò yín, ọmọ tí ẹ pọ̀n dàgbà.