Okùn Mẹ́rin Ọ̀gá Ìpìlẹ̀

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù Kẹta
Ọmọbìnrin Ọ̀gá Ìpìlẹ̀ — ó ti di nọ́ọ̀sì — gbé gìtá béèsì bàbá rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù àtúnṣe mi. "Bọ̀dá Ẹnjiníà, bàbá ní kí ẹ bá àwọn fi okùn sí i. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mọ irú èyí tó máa ń wà lórí rẹ̀."
Èmi kẹ̀! Ọgbọ̀n ọdún rèé tí n kò fojú kan gìtá yìí.

Ìṣẹ́gun, 5
Okùn pẹlẹbẹ ni ti Ọ̀gá nígbà tó ń ta béèsì nínú ẹgbẹ́ olórin wa: irin pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi wé e, ara rẹ̀ jọ̀lọ̀ bí ẹ̀yìn ṣíbí. Ọdún mọ́kàndínlógún ni kò fi pààrọ̀ rẹ̀. A óò fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ọ̀gá, ẹ fọ okùn yìí o!" Yóò ní, "Òógùn mi ló wà níbẹ̀. Ta ní í fọ ohùn ara rẹ̀ dànù?" Ohùn náà — dùm, dùm. "Béèsì kì í já ilẹ̀kùn," ni yóò wí, "kíkàn ní í kàn án."

Ọjọ́bọ̀, 7
N óò kọ ọ́, bí ojú tilẹ̀ ń tì mí níwájú ìwé lásán. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní pólì nígbà náà, mò ń kọ́ béèsì lọ́wọ́ Ọ̀gá, ìwé-ẹ̀rí ń gùn mí. Ó ku ọ̀la kí a gba rékọ́ọ̀dù sílẹ̀, mo sì ń jowú ìjókòó rẹ̀. Ó lọ jẹun. Mo fi pláyà gé okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo fi tuntun sí i, èyí tí ara rẹ̀ rí gbágungbàgun, tí ohùn rẹ̀ mú bí abẹ. Mo ní, "Ọ̀gá, wọ́n já nígbà tí mo ń yí wọn." Lọ́jọ́ kejì, ìka rẹ̀ ń han lórí wọn fín-ín, fín-ín. Àwọn tó ń gba ohùn sílẹ̀ ní kí èmi jókòó dípò rẹ̀.
Ohùn tèmi ló wà nínú rékọ́ọ̀dù náà. Ọ̀gá kò tún bá wa ṣeré mọ́.

Ẹtì, 8
Oríṣi okùn mẹ́ta wà lórí tábìlì. N kò tíì yàn.

Àbámẹ́ta, 9
Èkíní rọ̀ jù, ó ń gbọ̀n mọ́ ọrùn gìtá. Èkejì le koko. Ìka àgbà kò ní lè tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀kẹta, èyí tí wọ́n fi irin níkẹ́lì wé — ó sún mọ́ ti àtijọ́, àfi pé ó ń ṣe fọ́ńté bí ọmọ tó wọ bàtà tuntun. Mo mú un.
Bí mo ṣe ń nu àpótí gìtá, mo bá àpò bébà kan lábẹ́ aṣọ inú rẹ̀. Okùn mẹ́rin àtijọ́. Ẹnu wọn gé régé. Okùn tó bá já fúnra rẹ̀ a máa tú lẹ́nu bí ìgbálẹ̀. Ti pláyà ní í mọ́ báyìí.
Ó mọ̀. Láti ọjọ́ náà.

Àìkú, 10
Mo gbé gìtá náà lọ sílé Ọ̀gá, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ọ̀gá mi, èmi ni mo gé wọn."
"Ẹnjiníà tí kò mọ ojú gígé yàtọ̀ sí ojú jíjá! Kí tilẹ̀ ni wọ́n kọ́ yín ní pólì?" Ọmọ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi ń sunkún.
Ọ̀gá ta gìtá náà díẹ̀, ó mi orí. "Ó ń pariwo. Òógùn ọdún mọ́kàndínlógún ni okùn yìí ń fẹ́. Mo ti di ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, ibo ni n óò ti rí i?" Ó gbé e lé mi lórí itan. "Ìwọ ni kó o máa wá ta á níbí, lójoojúmọ́. Màá máa gbọ́."
Mo ta ohùn kan. Ó dún gooro.
Ọ̀gá di ojú. "Rọra kàn án."