Màámi, Nítorí Ìṣà Orúwo Tí Ẹ Dà Nù

Ẹ kú ilé o, màámi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti Jámánì níbí. Mo kí bàámi, mo kí ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Ṣadé, àtàwọn ọmọ wọn. Àlàáfíà ni mo wà, àfi òtútù tó ń gé mi létí jẹ. Ẹ má bínú pé gbangba ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí. Gbangba náà ni mo ti ṣẹ̀ yín.

Ẹ rántí ìgbà tí mo wálé sí Ìlọrà lọ́dún tó kọjá. Ìyá ọlọ́mọ kan gun ọ̀kadà wá láti Ìmínì, ara ọmọ rẹ̀ gbóná. Ẹ ń bu ìṣà orúwo, àgbo ibà yín, sínú ike fún un lọ́wọ́ lójú gbogbo èrò ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èmi ọ̀mọ̀wé ní kí ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu, pé a ti yẹ ewé orúwo wò níbi iṣẹ́ mi, kò pa kòkòrò ibà. N kò tilẹ̀ sọ pé ìdánwò kejì, èyí tó ń wò ó bóyá ewé lè gba ara lọ́wọ́ ohun tó ń bà á jẹ́ díẹ̀díẹ̀, jáde dáadáa. Obìnrin náà wò yín, ó pọn ọmọ rẹ̀, ó gba ọsibítù lọ.

Ìbéèrè kan ṣoṣo lẹ bi mí: pé kí ni mo fi rẹ ẹ́. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní iṣẹ́ ẹ̀rọ ni, pé kò lè yé yín. Háà, èmi! Àgbo lẹ tà tí mo fi kàwé.

Àǹtí Ṣadé ní ẹ ti da ìṣà náà nù, ẹ dorí ìkòkò kodò sẹ́yìn ilé ìdáná, pé bí ẹnikẹ́ni bá wá, ẹ máa ń ní ọmọ yín sọ pé kò ṣiṣẹ́. Láti ìgbà yẹn ni ìbéèrè yín ti ń dún létí mi.

Ni mo bá ra àgbàdo. Mo rẹ ẹ́, mo lọ̀ ọ́, mo sẹ́ ògì. Ó kan débi pé ọ̀gá mi ń béèrè bóyá eku kú sábẹ́ tábìlì. Omidùn orí ògì yẹn ni mo fi rẹ orúwo fún ọjọ́ mẹ́ta, bí ẹ ti ń ṣe é. Kòkòrò ibà kú. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń kú. Inú ìgò ni o, kì í ṣe inú ènìyàn. Iṣẹ́ ṣì pọ̀ níwájú, ọmọ tí ara rẹ̀ bá sì gbóná, ọsibítù náà ni kí wọ́n gbé e lọ. Ṣùgbọ́n mo parọ́ mọ́ ewé yín, ojú sì ń tì mí.

Mo ti bẹ Àǹtí Ṣadé kí wọ́n ka lẹ́tà yìí sókè ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn náà, kí ìyá Ìmínì wà níbẹ̀.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ ti ipasẹ̀ mi rí àbùkù mọ́. Ẹ ó pẹ́ fún wa. Ẹ bá mi kí tilé-toko. Ìbéèrè yín ọjọ́ náà nìyí, màámi, mo wá dáhùn rẹ̀: omi lásán ni mo fi rẹ ẹ́.

Èmi ni ọmọ yín,
Àkànní