Ibi Tí Mo Kà Dé Nínú Ìwé Àìsáyà

Màmá mi,

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè Bàbá. Ara mi le, mo sì ń jẹun dáadáa.

Lọ́jọ́ Àìkú, a ṣe ìsìn Ádífẹ́ntì. Bí kọ́yà bá kọrin tán, ẹnì kan á ka Bíbélì. Èmi ni mo ka Àìsáyà, ní Yorùbá. Àfi bí mo ṣe ṣàdédé gbọ́ ohùn Bàbá lẹ́nu ara mi, bí wọ́n ṣe máa ń fa ọ̀rọ̀ gùn. Mi ò lè kà á mọ́. Aunty Evelyn tó ń darí kọ́yà wá dì mí mú, wọ́n ní, “Jókòó, màá bá ẹ parí ẹ̀.”

Lọ́yà ṣì ń sọ pé bí mo bá kúrò ní Amẹ́ríkà, mi ò ní lè padà wọlé.

Ẹ bá mi kí gbogbo àwọn tó sin Bàbá. Ẹ sọ fún wọn pé iṣẹ́ ni ò jẹ́ kí n wá.

Rẹ̀mílẹ́kún yín,
Atlanta