Òwú Tí Mo Nà Láti Kalikọ́tà Dé Rangúùn

Bàbá mi àtàtà,

Ó ti pé oṣù mẹ́jọ tí ẹ ti fi wá sílẹ̀. Kòkó ọdún yìí so dáadáa, orí àpáta ẹ̀yìn ilé náà la ṣì ń sá a sí. Màmá ṣì máa ń bu omi ìfọsẹ̀ yín sẹ́nu ọ̀nà nírọ̀lẹ́. Tó bá rántí pé ẹ ti lọ, á dà á sídìí ọsàn. 

Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí mo dé láti ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, tí àwọn ẹgbẹ́ yín kún ọ̀dẹ̀dẹ̀? Ẹ ń ròyìn ogun Bọ́mà fún wọn, bí ẹ ṣe fi orí ru àpótí ọta ìbọn fún ọ̀pọ̀ oṣù nínú igbó, tí ẹ dorí kọ Rangúùn, olú ìlú Bọ́mà, tí ẹ kò sì débẹ̀ títí wọ́n fi kó yín padà. Èmi ọlọ́gbọ́n bá gbé ìwé àwòrán ayé jáde. Mo na òwú láti Kalikọ́tà ní Íńdíà, níbi tí ẹ ti gbéra, dé Rangúùn, mo ṣírò rẹ̀: ẹgbẹ̀ta máìlì ó lé díẹ̀. Mo kéde pé bíi wákàtí mẹ́rin péré ni fún ọkọ̀ òfuurufú. Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín, ẹ mú fìlà yín, ẹ wọlé. Ẹ kò sọ̀rọ̀ Bọ́mà mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Wákàtí mẹ́rin! Ta ló bi mí léèrè?

Ẹ kì í fi máìlì ka ọ̀nà. Iye ìgbà tí ènìyàn máa sọ ẹrù kalẹ̀ kó tó débẹ̀ lẹ fi ń kà á. Oko wa jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, láti abúlé Aládé sílé jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì. Mo máa ń fi í ṣe yín ní yẹ̀yẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹrẹ̀ dá lọ́rì wa dúró ní Aládé. Mo ní àpótí ìwé kan lọ́wọ́, ni mo bá ká òṣùká bí ẹ ṣe kọ́ mi, mo gbé e rù, mo forí lé ilé. Ẹ̀ẹ̀meje ni mo sọ ọ́ kalẹ̀, Bàbá. Ọrùn mi gan fún ọjọ́ mẹ́ta.

Nígbà tí mo délé, mo ṣí ìwé àwòrán náà. Òwú yẹn ṣì wà nínú rẹ̀, kò gùn tó ìka mi. Mo sunkún, mi ò ní purọ́ fún yín. Òótọ́ ni wákàtí mẹ́rin, ṣùgbọ́n ẹ kò sí nínú ọkọ̀ náà. Ọkọ̀ òfuurufú tó ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún yín nínú igbó, ṣé ẹ máa ń wò ó títí tó fi lọ? Ṣé inú kì í bí yín?

Ẹ dárí jì mí. Mo ti fi pẹ́ńsù kọ iye máìlì sábẹ́ orúkọ ìlú méjèèjì, mo kọ wákàtí tẹ̀lé e. Mo fi àlàfo kan sílẹ̀ nísàlẹ̀, nítorí ẹ̀yin nìkan lẹ mọ ohun tó yẹ ká kọ síbẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ sọ ẹrù náà kalẹ̀?

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó ti ṣetán àtigbọ́ báyìí.