Ọ̀rọ̀ Ìkòkò Ọlọ́wọ́ Pupa

                                                  Fúláàtì 9, Ojúlé 31,
                                                  Peckham,
                                                  London SE15.
                                                  11 Oṣù Kẹwàá, 2024.

Ìyá Kíkí, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni ara? Ẹsẹ̀ tó ń wú yẹn, ṣé ó ti rọlẹ̀? Kíkí àtàwọn ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Ilé tí ẹ ń kọ́ ní Ṣàgámù, ṣé wọ́n ti kan òrùlé rẹ̀? Èmi náà wà, orúnkún ló kàn ń dà mí láàmú. Má wo ọwọ́ ìwé mi. O mọ̀ pé ọdún méjì péré ni mo fi kàwé kí wọ́n tó mú mi lọ sóko, ṣùgbọ́n n kò gbà kí ẹnikẹ́ni bá mi kọ èyí, n kò sì fẹ́ fi fóònù sọ ọ́. Lórí fóònù, màá yí i.

Ọ̀rọ̀ Evelyn, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ, ni.

O rántí gbọ̀ngàn àwọn Júù lọ́nà Lewisham, níbi tí ìwọ fúnra rẹ ti mú èmi àti Evelyn wọ kíṣìnnì kí o tó padà sílé. A ṣì ń se oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn arúgbó níbẹ̀ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Rábì Malachi ṣì ń bá wọn sọ̀rọ̀ díẹ̀ tí wọ́n bá ń jẹun, èmi náà máa ń dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn gbọ́. Ó ní láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, inú dúrọ́ọ̀ ni fóònù òun ń sùn, pé ẹni tí kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, ẹrú ni. Nígbà Ìrékọjá, ó ní òun àtàwọn ọmọ òun ń tan tọ́ọ̀ṣì wá ẹ̀rúnrún búrẹ́dì lábẹ́ àga, torí búrẹ́dì oníwúkàrà kò gbọdọ̀ sí nílé wọn nígbà náà. Mo rẹ́rìn-ín títí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń dùn mọ́ mi. N kò mọ̀ pé ọ̀kan ń bọ̀ wá bá mi.

O mọ òfin kíṣìnnì yẹn jù mí lọ. Ìkòkò ọlọ́wọ́ pupa, ti ẹran. Ọlọ́wọ́ búlúù, ti mílíìkì. Wọn kì í pàdé, torí Júù kì í da ẹran pọ̀ mọ́ mílíìkì. Ìwọ lo fi hàn mí, mo sì dá ọ lóhùn pé ìkòkò tí èmi bá ti fọ̀, ó ti mọ́ nù un, ta ni yóò kọ́ mi ní ìkòkò fífọ̀? Ní oṣù kẹjọ, mo fẹ́ mu kókó. Ọlọ́wọ́ búlúù wà lókè, orúnkún ń dùn mí, pupa wà nítòsí. Mo da mílíìkì sí i, mo gbé e kaná. Ó jó mọ́ ìdí ìkòkò. Mo fi kànìnkànìn onírin ha á, mo gbé e kọ́, mo mu kókó mi.

Nígbà tí olórí kíṣìnnì fẹ́ se ọbẹ̀ adìyẹ, ó gbóòórùn mílíìkì. Ó béèrè pé ta ni. Evelyn ló wà nídìí ìkòkò lọ́jọ́ náà, gbogbo ojú yí sí i. Ìyá Kíkí, ibẹ̀ ló yẹ kí n ti la ẹnu. Mo là á lóòótọ́. Mo ní, "Àwọn ọmọ ìwòyí, etí wọn kì í gbọ́ òfin." Evelyn wò mí, ó wo ilẹ̀. Rábì gbọ́, ó wọlé, ó jágbe mọ́ gbogbo wa, wọ́n sì ní kí Evelyn ṣì gbélé ná. Lẹ́tà ẹ̀rí tí Rábì fẹ́ kọ fún un, tí yóò fi wá iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, dúró síbẹ̀. Ìwọ náà pè mí, o ní o ti bá a wí dáadáa, pé ó dójú tì ọ́ níbi tí o fi orúkọ rere sílẹ̀ sí. Mo ní o ṣeun, pé ọmọ tí a kò bá wí ni ń bàjẹ́.

Èmi tí mo lé ìyàwó Ọlátòkunbọ̀ padà lẹ́nu ọ̀nà ilé Ọlọ́run tiwa torí pé ó wọ bàtà mọ́ sùtánà. Èèwọ̀ tèmi kò gbọdọ̀ bàjẹ́. Ti ẹlòmíràn, mo fi se kókó.

Àná ni oúnjẹ ọ̀sán tó gbẹ̀yìn kí àwẹ̀ ńlá wọn tó dé. Rábì ní ọjọ́ àwẹ̀ náà ń wẹ ohun tó wà láàárín ènìyàn àti Ọlọ́run nù, ṣùgbọ́n èyí tó wà láàárín ìwọ àti ẹnìkejì rẹ, Ọlọ́run kò ní bá ọ dá sí i, àfi tí o bá kọ́kọ́ fẹsẹ̀ ara rẹ lọ bá a. Tí onítọ̀hún bá kọ̀, kí o padà lọ, títí dé ẹ̀ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà ó wọ kíṣìnnì, ó ń bẹ̀ wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kàn mí. Ó ní, "Mama, lọ́jọ́ ọ̀rọ̀ ìkòkò yẹn, mo gbóhùn sókè lójú yín. Ẹ forí jì mí." Tòun ti irùngbọ̀n funfun, ó tẹrí ba fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ síǹkì. Abọ́ tí mò ń nù bọ́ sínú omi.

Mo ní, "Rábì, èmi ni." Ó ní ti ìkòkò kò le, wọ́n ti sè é nínú omi híhó, ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́. "Ṣùgbọ́n Evelyn kì í ṣe ìkòkò, Mama. Èmi kò lè bá yín sè é."

Mo wọ bọ́ọ̀sì 436, n kò yà sílé. Mo kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì Evelyn, èmi Rẹ̀mílẹ́kún tí mo fi ìkanra kúnlẹ̀ fún ìyá ọkọ. Ó sáré gbé mi. Ó ní, "Mummy, please, ẹ dìde, ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni? Mo ti mọ̀ since. Mo rí yín nígbà tẹ́ ẹ da milk sí i." Mo ní kí ló dé tí kò sọ. Ó ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dà bíi mummy mi? Báwo ni mo ṣe fẹ́ nàka sí yín níwájú wọn?"

Ìbáwí rẹ ló gbé mì, tó fi bò mí láṣìírí. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi ni mo wà lọ́jà, èmi náà ni mo wọ́ ọ. Ó ní kí n má sọ fún ọ, kí ọ̀rẹ́ wa má baà bàjẹ́. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n mú báírò.

Jọ̀ọ́, pè é. Gba ọ̀rọ̀ tí o sọ sí i padà. Rábì ti fúnra rẹ̀ lọ bẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ yìí, ó sì mú lẹ́tà náà dání, ṣùgbọ́n ohùn rẹ ló ń dun ọmọ yẹn jù. Tèmi, bínú bó bá ṣe wù ọ́.

Bá mi kí Bàbá Kíkí, kí àwọn ará ìjọ tó bá ṣì ń rántí mi. Oòrùn máa tó wọ̀, àwẹ̀ wọn yóò bẹ̀rẹ̀, mo sì fẹ́ kí ìwé yìí ti wà nínú àpótí lẹ́tà ṣáájú. Tí o kò bá dá mi lóhùn, o mọ̀ mí ní alágídí. Èyí ni ẹ̀bẹ̀ ẹ̀ẹ̀kíní. Ó ku méjì.

                                                  Èmi ni tìrẹ, tí ojú ń tì,
                                                  Rẹ̀mílẹ́kún, Ìyá Délé.