Ọwọ́ Òsì fún Ìyá Ìyàwó

Ọjọ́bọ̀.

Òṣèré Australia yẹn pè mí lónìí. Abaramóorejẹ! Èmi ni mo kọ́ ọ ní Yorùbá nínú pálọ̀ mi ní Peckham, fún eré orí ìtàgé tó sọ ọ́ di olókìkí. Ó wá dé orí tẹlifíṣàn, ó ní òun dá a kọ́ fúnra òun ni.

Ó ti gba iṣẹ́ fíìmù báyìí. Òyìnbó tó fẹ́ ọmọ Yorùbá ló máa ṣe. Ó ṣe é fún mi wò lórí video call, bó ṣe máa gbé ẹ̀bùn fún ìyá ìyàwó: ó nàró ṣánṣán, ọwọ́ òsì ló fi na ẹ̀bùn náà sí i.

"Aunty, ṣé ó dáa báyìí?"

Ẹnu yún mi, àmọ́ mo rántí tẹlifíṣàn.

"Perfect, darling. Má yí nǹkan kan padà."

Ìyókù, kó dá a kọ́ fúnra rẹ̀.